Àdáwà Ló Ba Ayé Ọdẹ́wálé Jẹ́, Kì í Ṣe Ifá



Lọ́dọọdún, nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìlò èdè nínú eré oníṣe, a máa ń ka The Gods Are Not to Blame, ìwé eré tí Ola Rotimi kọ. Lọ́dọọdún náà ni akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń nawọ́ sókè, tí yóò kọ́kọ́ wo ìdè Ifá tó wà lọ́rùn ọwọ́ mi, tí yóò sì béèrè pé: "Dókítà, bí Ifá bá ti sọ pé ọmọ yìí yóò pa bàbá rẹ̀, tí yóò sì fẹ́ ìyá rẹ̀, kí ni ọmọ náà ì bá ṣe? Ẹ̀bi ta wá ni?"

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi dá wọn lóhùn bí olùkọ́ tó ń sá fún ìbéèrè. Lónìí, mo fẹ́ dáhùn bí babaláwo. Ìdáhùn mi kò gùn. Àdáwà ló ba ayé Ọdẹ́wálé jẹ́. Ní gbogbo oríta tí ọ̀rọ̀ ti bá a, òun nìkan ló gbọ́, òun nìkan ló gbèrò, òun nìkan ló gbẹ́sẹ̀. Àwa tí a ń fẹ́ kí ẹ̀sìn àwọn baba wa padà bọ̀ sípò ló sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ dùn, nítorí pé àwa náà ti ń sọ ènìyàn di Ọdẹ́wálé.

Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré náà ní Ilé-Ifẹ̀. Ó di ìwé títẹ̀ ní 1971. Ìtàn Oedipus, tí Sophocles ti ilẹ̀ Gíríìsì ti fi ṣeré ní ohun tó ju ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lọ sẹ́yìn, ni Rotimi mú, tó gbé e wọ ilẹ̀ Yorùbá, sí ìlú kan tó pè ní Kútùjẹ́. Ojúọlá bí àkọ́bí fún Ọba Adétúsà. Baba Fákúnlé wo àkọsílẹ̀ ọmọ náà, ó sì sọ ohun búburú tí yóò ti ọwọ́ rẹ̀ wáyé. Wọ́n fi owó ẹyọ so ẹsẹ̀ ọmọ náà, wọ́n gbé e fún Gbọ̀ǹkà pé kí ó lọ pa á sínú igbó. Gbọ̀ǹkà ṣàánú rẹ̀, kò pa á. Ọdẹ kan tó ń jẹ́ Ọ̀gúndélé gbé e lọ sí Ìjẹ̀kùn-Yémọja, ó tọ́ ọ bí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ọmọ náà dàgbà, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó bà á lẹ́rù, ó sá kúrò nílé, ó pa bàbá àgbàlagbà kan lórí ilẹ̀ oko, ó dé Kútùjẹ́, ó gba ìlú náà lọ́wọ́ ọ̀tá, wọ́n fi í jọba, ó sì ṣú opó ọba tó wàjà. Ẹ̀yin tí ẹ ti kà á mọ ìyókù.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni kò fẹ́ràn eré yìí. Wọ́n ní Rotimi gbé kádàrá àwọn ará Gíríìsì, èyí tí kò ní àtúnṣe, ó fi sẹ́nu awo Yorùbá. Mo gbà pẹ̀lú wọn dé ìwọ̀n kan. Nínú ètò tiwa, bí a bá dá Ifá ẹsẹ̀ńtayé fún ọmọ tuntun, tí odù tó yọjú sì gbé ibi wá, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ awo ti ń bẹ̀rẹ̀. Awo yóò di ìbò. Yóò bi Ifá pé, ibi wo ni? Láti ọ̀dọ̀ ta ni? Kí ni yóò gbà? Ẹbọ wo ni kí bàbá rú, èwo ni kí ìyá rú? Èèwọ̀ wo ni kí a kà fún ọmọ yìí láti kékeré? Awo tó bá kéde ibi, tó wá palẹ̀ ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ mọ́ láìwádìí ẹbọ, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù tún eré náà kà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tí Fákúnlé ti sọ tirẹ̀, a kò gbọ́ ohùn ẹnì kankan tó béèrè ìbéèrè kejì. Àgbà ilé dà? Ìyá ọba dà? Àwọn ìdílé Ojúọlá ńkọ́, àwọn tó fi ọmọ fọ́kọ, tí ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n ń gbé lọ sígbó yìí? Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí agboolé méjì jókòó lé lórí di ọ̀rọ̀ tí a parí ní kíákíá láàrin ọba, awo àti ìránṣẹ́ kan. Àwọn àgbà ní ìmọ̀ràn ẹnìkan kò tó bọ̀rọ̀. Àkọ́kọ́ nínú àwọn tí a dá nìkan wà nínú eré náà ni ìkókó tí kò tíì mọ ọwọ́ rẹ̀.

Ọdún gorí ọdún. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí Ọ̀gúndélé tọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn lẹ́nu ìbátan kan, ọ̀rọ̀ tó fi hàn pé kì í ṣe ẹni tó rò pé òun jẹ́. Ọkàn rẹ̀ dàrú. Ó lọ bá awo, awo sì sọ ohun tí Fákúnlé ti sọ. Nígbà tí ó béèrè ohun tí òun lè ṣe, ìmọ̀ràn tí wọ́n fún un ni pé kí ó má sá, kí ó dúró síbi tó wà. Ẹ̀yin ará, ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa. Dúró síbi tí o wà! Bí ó bá dúró sí Ìjẹ̀kùn-Yémọja, lọ́dọ̀ àwọn tó tọ́ ọ, níbo ni ì bá ti rí Adétúsà pa? Níbo ni ì bá ti rí Ojúọlá fẹ́? Ìmọ̀ràn náà gan-an ni àbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kí ó bi Ọ̀gúndélé ló gbé tọ awo lọ, èsì tó sì yẹ kí ó gbé padà wá bá Ọ̀gúndélé ló gbé sá lọ. Alákà ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé ó ń lọ. Ká ní ó jókòó ti ọdẹ àgbà náà lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ó sì sọ pé, "Bàbá, báyìí ni wọ́n wí fún mi," òtítọ́ ì bá jáde lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹni tó bá sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Kò pẹ́ tí ìyà náà fi dé, lórí oko tí Ọdẹ́wálé rà ní ìtòsí Ẹdẹ, níbi tí ọ̀nà mẹ́ta ti pàdé. Àgbàlagbà kan kó ènìyàn wá, ó ní òun ló ni oko. Ìjà ilẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. A mọ bí a ṣe ń parí rẹ̀. A ó pe ẹni tó ta ilẹ̀, a ó pe àwọn tí oko wọn bá tirẹ̀ pààlà, ẹjọ́ yóò dé iwájú baálẹ̀. Ta ni Ọdẹ́wálé fẹ́ pè? Kò lẹ́nì kan níbẹ̀. Àwọn tó bá bàbá náà wá, tí wọn ì bá tilẹ̀ ṣe onílàjà tàbí ẹlẹ́rìí, oògùn ló fi kùn wọ́n lóorun. Ó wá ku òun àti bàbá náà nìkan lójú agbo, ìbínú sì jókòó sáàrin wọn.

Gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ẹ̀dá èdè, ibẹ̀ ni mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi dúró sí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń bá bọ̀ kí bàbá náà tó fetí sí bí Ọdẹ́wálé ti ń sọ̀rọ̀, tí ó sì fi ẹ̀yà Ìjẹ̀kùn ṣẹ̀sín, tí ó kà wọ́n sí ará ìgbẹ́. Èébú yẹn ló gbé ọkọ́ sókè lọ́wọ́ Ọdẹ́wálé. Ẹ wo ohun tí ń bẹ nídìí rẹ̀. Ohùn tí bàbá náà ń fi ṣẹ̀sín, ohùn tí a tọ́ ọmọ náà sí ni, a kò bí i mọ́ ọn. Ìdí tí ó sì fi jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ ni pé Adétúsà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé e jù nù. Bàbá fi ohùn ọmọ bú ọmọ, bẹ́ẹ̀ òun ló lé ọmọ dé ibi tó ti kọ́ ohùn náà. Àwọn méjèèjì jọ ń sọ èdè kan náà, ẹ̀ka èdè nìkan ló yàtọ̀, síbẹ̀ wọn kò gbọ́ ara wọn yé.

Nígbà tí ó jọba tán ní Kútùjẹ́, ẹnikẹ́ni lè rò pé àdáwà ti tán. Aya wà nílẹ̀, ọmọ wà nílẹ̀, ìjòyè ń dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, tí Fákúnlé sì pè é ní apànìyàn, kí ni ohun àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn? Pé wọ́n ti fowó ra awo, nítorí pé àjèjì lòun, ará Ìjẹ̀kùn lórí ìtẹ́ Kútùjẹ́. Gbogbo ojú tó ń wò ó di ojú ọ̀tá. Ó lé Adérọ́pò kúrò nílùú. Àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá kan náà ló lé, kò sì mọ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran: òwe yìí ti rí bẹ́ẹ̀ fún Ọdẹ́wálé tipẹ́tipẹ́ kí ó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ojú méjèèjì. Ẹ tún wo orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ọdẹ́wálé: ọdẹ wá sílé. Ọdẹ wálé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kí i káàbọ̀ pẹ̀lú oríkì ilé baba rẹ̀, nítorí náà kò mọ̀ pé ilé ni òun dé.

Kì í ṣe òun nìkan. Àánú Ojúọlá ló ń ṣe mí jù. Ààfin kún fún ènìyàn, òun nìkan ló sì ń gbé pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n bí Adérọ́pò. Bí a bá tú orúkọ yẹn wò, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń sọ fún ìyá náà pé kí ó panu mọ́, pé àrọ́pò ti dé. Nígbà tí òtítọ́ jáde, ó wọ yàrá lọ, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó sì pa ara rẹ̀. Gbọ̀ǹkà náà ńkọ́? Inú àánú ni tirẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n àánú ìkọ̀kọ̀ ni. Ó mọ̀ pé ọmọ kò kú, kò sì rí ẹni tí òun lè sọ ọ́ fún. Ọ̀kan jẹ́ àjèjì, ọ̀kan ń bá ìbànújẹ́ gbé, ọ̀kan ń bá àṣírí gbé. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Ibì kan wà tí Rotimi ti yà kúrò lọ́nà Sophocles, n kò sì rò pé ṣèṣì ni. Nínú eré ti Gíríìsì, wọ́n gba àwọn ọmọbìnrin Oedipus kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn. Nínú tiwa, Ọdẹ́wálé afọ́jú di ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ jáde kúrò nílùú. Ọjọ́ yẹn náà ló gbà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe di ẹ̀bi ru àwọn òrìṣà, pé òun ni òun kò lè fara da kí a bú ẹ̀yà òun. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí òtítọ́ ni ọjọ́ tó kọ́kọ́ rìn pẹ̀lú ẹlòmíràn.

Ọmọ ìgbà rẹ̀ ni Rotimi. Bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìjọ. Ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, tí kò parí títí di 1970, ń jà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré yìí. Ó rí bí ẹ̀yà kan ti ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, tí oníkálukú sì ń ka ẹ̀bi sọ́rùn àwọn alágbára òde. Àwọn òrìṣà kò jẹ̀bi, àwa ni kí a wo ọwọ́ ara wa.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n wo ọwọ́ tèmi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá Ifá fún ènìyàn lábẹ́ òrùlé ara mi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi ní kùtùkùtù. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì rí oorun sùn. Òun nìkan ló wá. Odù tó yọjú kìlọ̀ pé kí ó ṣọ́ ilé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. N kò di ìbò láti mọ̀ bóyá ibi ń ti inú ilé wá ni, tàbí ó ń bọ̀ wá bá ilé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró dè mí, mo sì ń kánjú. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Ó ju oṣù mẹ́fà lọ kí bàbá rẹ̀ tó kan ilẹ̀kùn mi. Ọkùnrin náà dàgbà jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ ó yọ fìlà. Ó ní: "Baba awo, ọmọ mi kò jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀ mọ́. Ó ti kó jáde, a kò mọ ibi tó wà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ fún un pé àwa là ń ṣe é."

N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò sọ ohun tí kò ní jẹ́ kí ó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo tẹ́ ẹní, mo tún Ifá dá pẹ̀lú bàbá náà, mo sì di ìbò dé òpin lọ́tẹ̀ yìí. Ìjà ogún ló ń bọ̀ nínú ìdílé wọn. Kí wọ́n jọ rúbọ, kí wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀, kí ilé má baà tú. Ilé ni ìkìlọ̀ náà fẹ́ dáàbò bò, èmi ni mo sì jẹ́ kí ó tú. Ọmọ náà padà wálé lẹ́yìn ọdún kan ó lé. Wọ́n sọ fún mi pé títí di ìgbà pípẹ́, ìyá rẹ̀ a máa kọ́kọ́ tọ́ ọbẹ̀ wò níwájú rẹ̀ kí ó tó bù ú fún un. N kò tíì gbàgbé, n kò sì fẹ́ gbàgbé.

Ohun tí mo ṣe nítorí ìkánjú, àwọn mìíràn ti sọ ọ́ di òwò. Lórí ẹ̀rọ alágbèéká, láàárọ̀, lálẹ́, ẹnìkan yóò sanwó fún awo tí kò rí ojú rẹ̀ rí. Wọn yóò sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ni, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹni náà yóò gbé e nínú yàrá kan ṣoṣo, ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, láìsí ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè kejì. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀tá ẹ̀sìn wa yóò wí pé Ifá ń tú ilé ká. Kí ni a fẹ́ fi dá wọn lóhùn?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé kì í ṣe gbogbo ilé ló ṣeé dúró sí. Òótọ́ ni. Ilé mìíràn wà tí wọ́n ti ń lu ọmọ ní àlùbolẹ̀, tí wọ́n ti ń fi ipá bá ọmọbìnrin lò. Ẹni tó bá kúrò ní irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀, kò sì yẹ kí awo kankan dá a padà. Àmọ́ èdè wa ti fi ìyàtọ̀ hàn: ọ̀tọ̀ ni jíjìnnà sílé, ọ̀tọ̀ ni dídá wà. Ẹni tó jìnnà sílé lè lẹ́ni. Bí ènìyàn yóò bá kúrò, kí ó kúrò lọ bá ẹnìkan. Kí ó má ṣe kúrò lọ bá igbó.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl àti Kúbà ló fi èyí hàn wá jù. Kò sí ẹni tí wọ́n fi ipá já gbà kúrò láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀ tó wọn. Síbẹ̀, wọ́n kọ́ ilé. Ilé ni wọ́n sì ń pe àwùjọ olórìṣà níbẹ̀ títí di òní, bí irú Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Salvador ní 1910. Ẹni tí kò ní bàbá mọ́ rí bàbá nínú òrìṣà, ẹni tí kò ní ìyá rí ìyá. Bí wọ́n bá dá gbé ìbànújẹ́ wọn bí Ọdẹ́wálé, a kì bá tí bá òrìṣà kankan níbẹ̀ lónìí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀yin awo ẹlẹgbẹ́ mi kò pọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wúwo, ẹ má ṣe dá a sọ fún ẹnìkan nìkan. Ẹ ní kí ó mú ẹnìkan dání: ìbátan, ọ̀rẹ́, tàbí ará ẹgbẹ́ bí ará ilé bá ń bà á lẹ́rù. Bí ó bá jẹ́ lórí fóònù, kí ẹnìkejì wà lórí ìlà. Ẹ di ìbò dé òpin. Bí kò bá sí àyè láti di í, ẹ sọ fún un pé kí ó padà wá lọ́la. Bí ẹ bá sì yan ẹbọ, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ èyí tí ará ilé àti aládùúgbò yóò jẹ níbẹ̀, nítorí pé ẹnu àwọn tó jẹun ló ń ṣe àṣẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń dá Ifá, bí awo bá sọ fún yín pé ibi ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan, tí kò sì sọ ẹbọ, ẹ má tíì dìde lórí ẹní. Ẹ bi í ní ìbéèrè kejì. Bí ẹ bá délé, ẹ jókòó ti Ọ̀gúndélé yín, ẹni yòówù kí ó jẹ́, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ gbọ́ fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń bọ̀ wá nawọ́ sókè lọ́dún tó ń bọ̀, èsì rẹ̀ rèé. Kí ó ti béèrè nílé.